Owó Parí ní Lẹ́tà S

Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní Guelph, níbi tí páìpù omi gbígbóná
ti ń kùn bí àgbàlagbà tí wọn kò fún lẹ́ran,
irinwó páálí bàtà ló tò sára ògiri.
Kò sí bàtà nínú ìkankan. Ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀,
bébà pélébé pélébé tí wọ́n fọwọ́ kọ:
ọ̀rọ̀ kan, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, ìwé tó ti wá,
àti gbólóhùn tó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn.

Ìyá mi béèrè lórí fóònù: "Iṣẹ́ wo lo tilẹ̀ ń ṣe ní Kánádà?"
Mo ní mo ń to ọ̀rọ̀ àwọn ará Skọ́tílándì,
àwọn tó ti kú kí ẹnikẹ́ni nínú oríkì wa tó dáyé.
Ó dákẹ́. Ó ní, "Wọ́n sì ń sanwó fún un?"

Wọ́n ń san án, Màámi. Títí di oṣù Kẹta.

Misi Euphemia Rintoul ló gbà mí síṣẹ́,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ṣúẹ́tà méjì léra.
Òun ló kọ́ mi pé greet kì í ṣe kíkí lẹ́nu wọn, ẹkún ni;
pé kist ni àpótí aṣọ ìyàwó,
inú kist náà ni wọ́n sì ń tẹ́ òkú sí.
Mo ní, "Àwa náà, Misi, àpótí kan náà ni."
Ó kọ ọ́ sí etí bébà, ó fà á rẹ́, ó tún un kọ.

A dé S, owó tán.
S nìkan, ọgọ́ta páálí.
Àwọn ìgbìmọ̀ owó wá láti Ottawa, àwọn mẹ́ta,
wọ́n fọwọ́ kan páálí bí ẹni fọwọ́ kan ajá onílé.
Ẹni tó so táì búlúù béèrè pé,
"Èèyàn mélòó ló ń sọ èdè yìí ní Ontario?"
Misi Rintoul ní, "Ẹ lọ kà wọ́n ní itẹ́ òkú Fergus.
Wọn ò ní dáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n wà nílé."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́tà dé:
iṣẹ́ yín wú wa lórí, ó bani nínú jẹ́ pé.
Mi ò ka ìyókù.

A yan bísíkíìtì, a tà á ní gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì.
A ta ọ̀rọ̀ pàápàá: dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, orúkọ rẹ yóò wà lẹ́yìn ìwé.
Dókítà eyín kan ra èébú mẹ́ta.
Kò sẹ́ni tó ra ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe èékú.

Ìgbà náà ni sọ̀wédowó Lorne Dalgleish dé láti Elora,
awakọ̀ tó ń wọ́ yìnyín lójú títì tẹ́lẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án dọ́là, àti pẹ́ńsù lára ìwé pélébé:
Ìyá ìyá mi máa ń pe òjò wínniwínni ní smirr.
Tísà nà mí torí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó wà níbẹ̀?

Ó wà níbẹ̀. Bébà mẹ́rin.
Mo ṣe ẹ̀dà wọn, mo fi ránṣẹ́ sí i.

Lóru ọjọ́ yẹn, Misi ti lọlé, yìnyín ń bọ́,
mo rántí kíláàsì kejì ní Ìkọ̀lé:
mo pe ilé ní ulé, Tísà Ajíbóyè fa pàṣán yọ,
mẹ́ta ní àtẹ́lẹwọ́. "Sọ ọ́ dáadáa."
Mo sọ ọ́ dáadáa. Ọgbọ̀n ọdún rèé tí mo ti ń sọ ọ́ dáadáa.

Mo mú bébà òfìfo kan.
Ọ̀rọ̀: ulé.
Ọdún: mi ò mọ̀.
Ìwé tó ti wá: ẹnu ìyá àgbà.
Mo tì í bọ páálí U, sáàárín àwọn àjèjì.

Kò sẹ́ni tó tíì rí i.
Owó ò tíì dé U.